Ẹnu Wọn Kò

"Ẹ má tíì ya ẹnu o! Ẹni tó bá kí mi ní àárọ̀ yìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó tún rí mi."

Báyìí ni Ìyá Akẹnu ṣe máa ń kí ènìyàn káàbọ̀ sí Ilé Ẹnu ìlú Ìgbórò. Láyé àwọn baba wa, ẹni tí kò fọ ẹnu kì í kí àgbà. Láyé tí à ń sọ yìí, ẹni tó bá fọ ẹnu ni kò gbọdọ̀ yọjú sí àgbà, nítorí pé ẹ̀rọ ni àgbà ilé ọ̀hún, itọ́ àárọ̀ ló sì ń jẹ.

Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀ láìfọhùn. Ìbíwùmí, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ láìfọhùn. Olúkúlùkù wọn gba ọ̀pá òwú kan, wọ́n fi há abẹ́ ahọ́n, wọ́n ka oókan dé ọgọ́ta nínú ọkàn wọn, wọ́n sì nà án sí ẹ̀rọ náà. Akẹnu, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀rọ náà, gbé ọ̀pá méjèèjì mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin inú ihò igi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yìí ni dígí èémí ẹnu ọ̀nà wọn ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sí ilẹ̀kùn kan ní Ìgbórò tí í ṣí láìjẹ́ pé onílé mí sí dígí tó wà lára rẹ̀. Bí èémí bá mọ́, dígí á dà bí ojú ọ̀run, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí kò bá mọ́, dígí á di eérú. Láṣebìkan gan-an ló ń tún dígí èémí ṣe fún gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ mí tí dígí di eérú, ohun tó sọ ni pé, "Dígí yìí ti gbó." Ó ha á, ó nù ún, ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Eérú náà ni. Ẹni tó ń bá onílé tún ilé ṣe, òrùlé tirẹ̀ ló ń jò. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán àyà Ìbíwùmí, wọ́n bá hóró kan nínú ẹ̀dọ̀fóró òsì. Kò ju hóró ọkà bàbà lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ orúkọ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni.

Akẹnu dákẹ́. Ó tu ìwé pẹlẹbẹ kan jáde.

"Ó yá, ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí," ni Ìyá Akẹnu wí. Arúgbó obìnrin ni, ojú rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ ni kò kéré. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú. "Ìbíwùmí, ọmọ mi, ẹnu rẹ ti ṣófo. Gbálẹ̀ ti gbá a tán."

"Mà, ṣebí ìjọba ló ní ká máa fi omi Gbálẹ̀ yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́?"

"Ìjọba àná nìyẹn. Wọ́n ní kí a pa gbogbo kòkòrò ẹnu, a sì pa á, àti olè àti ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ olè. Ilẹ̀ tí a kò gbin nǹkan sí ńkọ́? Èpò ni yóò hù níbẹ̀. Àwọn àtọ̀húnrìnwá ló kún ẹnu rẹ báyìí. Bí o bá sùn, wọn a bá itọ́ rọra yọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kọ́ ni jẹjẹrẹ fúnra wọn o, ṣùgbọ́n àwọn ló ń bá a dáná, àwọn ló ń bá a pọnmi."

Láṣebìkan mí kanlẹ̀. "Ìyá, kí ni ṣíṣe?"

"Ẹ̀rọ yóò gé hóró yẹn. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni kó má padà wá. A ní láti gbin ẹnu ìyàwó rẹ kí ọjọ́ gígé tó pé, omidùn tó bá ẹnu rẹ̀ àtijọ́ mu la ó sì fi gbìn ín."

Irúgbìn ẹnu ni ìwé òfin ń pè é. Ará ìlú ló ń pè é ní omidùn, nítorí pé bí omi orí ògì ṣe ń kan náà ló ṣe ń kan, àti pé díẹ̀ rẹ̀ tí a bá dà sínú ògì tuntun ni í sọ gbogbo ìkòkò di ti ara rẹ̀.

"Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lábẹ́ èrìgì rẹ ni akẹnu fi wá ojúgbà rẹ," ni Ìyá Akẹnu ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó wá a láti etí òkun títí dé etí odò Ọya. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́: 'Ìbíwùmí ará Ìgbórò, àti Ọ̀jẹ́lárí ará Òkè-Àparò: ẹnu wọn kò.'"

Ìbíwùmí bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀jẹ́! Yéè! Ọ̀jẹ́ ṣì wà láyé!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni obìnrin yìí kò ti rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe ẹ̀fẹ̀ títí, ó ti ra àgbálùmọ̀, ó ti pe Ṣíjúwọlá ọmọ wọn lórí ẹ̀rọ kó bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà, eyín kò jáde. Orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo ló wá tú ẹ̀rín náà sílẹ̀ bí ẹni já okùn àpò.

"Ta ni Ọ̀jẹ́?" ni Láṣebìkan bi í.

"Ará ilé wa ni, ní òkè. Abọ́ kan náà la fi jẹun títí tí mo fi di wúńdíá."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹnu ni iṣẹ́ Ìyá Akẹnu, kò sì mọ ìgbà tí à ń pa á dé. "Abọ́ nìkan kọ́ o," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. "Àjọjẹ abọ́ kì í ju mẹ́fà nínú mẹ́wàá lọ. Mẹ́sàn-án lèyí."

Akọ̀wé ìjọba tó kọ gbólóhùn 'ẹnu wọn kò' yẹn sínú ẹ̀rọ, ohun tó ní lọ́kàn ni pé ẹnu méjèèjì bára dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ṣe ń fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀. Àmọ́ òjòwú kì í gbọ́ ohun tí a sọ, ohun tó ń bà á lẹ́rù ló ń gbọ́. Ẹnu tó ko ẹnu ni Láṣebìkan gbọ́.

"Mí sí ìwé yìí láti fọwọ́ sí i, kí a lè ránṣẹ́ sí òkè," ni Ìyá Akẹnu wí fún un.

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni ara mi ò yá ni?"

"Òfin alájọmu. Ife kan náà lẹ̀ ń mu, ìrọ̀rí kan náà lẹ̀ ń sùn lé. Bí a bá gbin ẹnu ìyàwó tí a kò gbin ti ọkọ, ìwọ ni wàá tún máa kó èpò fún un padà. Tàwọn méjèèjì la ń gbìn pọ̀, tàbí kí a má gbìn rárá."

"Kí n gba ẹnu ọkùnrin kan sínú ẹnu mi."

"Itọ́ ni. Bó o bá sì fẹ́, ìwọ pè é ní ẹ̀mí ìyàwó rẹ."

Láṣebìkan wo ìwé náà. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà kó máa bọ̀, òun yóò ro tòun. Ìyá Akẹnu ka ọjọ́ fún un lórí ìka: ọjọ́ kẹta òní ni àlejò lè dé, omidùn ń fẹ́ ọjọ́ méje kó tó mú ilẹ̀, ọjọ́ kẹwàá ló kan Ìbíwùmí lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan. Bí ìyẹn bá kọjá, ó di ẹ̀yìn òjò.

"Hóró ọkà bàbà kì í dúró de ẹ̀yìn òjò kó tó hù, Láṣebìkan. Ọmọ àgbẹ̀ ni ẹ́, o mọ̀."

Àwọn ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn ju ọdún mọ́kànlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra lọ. Ọkùnrin tó ní òun kì í jowú, ẹ fi ẹ̀ sílẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú rẹ̀. Bí Láṣebìkan bá gbé dígí onídígí lọ́wọ́ tó ń nù ún, ọkùnrin kan tí kò rí rí ló ń yọ sí i nínú dígí náà. Ní àárọ̀, ó ga. Ní ọ̀sán, ó ti pupa. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ní irùngbọ̀n.

"Ṣé ó máa ń kọrin ni?" ló ṣàdédé bi ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Ta ni?"

"Mi ò dárúkọ ẹnì kan. Orin tí ò ń kùn látàárọ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí."

Ìbíwùmí gbé ọbẹ̀ kalẹ̀. Ó wúkọ́, ó fi ìborùn nu ẹnu, ó sì jókòó ní ìdojúkọ ọkọ rẹ̀. "Baba Ṣíjúwọlá, ẹ bi mí."

"Kí ni mo fẹ́ bi ọ́?"

"Ohun tó ń jẹ yín lára. Ẹ bi mí, n ó sì dá yín lóhùn."

"Ọkùnrin kì í jowú, Ìbí."

"Mi ò ní ẹ ń jowú. Mo ní ẹ bi mí."

"Kò sóhun tí mo fẹ́ bi ọ́. Kò sẹ́ni tí kò ní ọjọ́ àná tirẹ̀. Jẹ́ ká jẹun."

Wọ́n jẹun. Nígbà tí ó kan omi, Ìbíwùmí bu omi sínú ife onídẹ tí wọ́n ti jọ ń mu láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ó mu tirẹ̀, ó nà án sí i. Láṣebìkan dìde, ó lọ sí inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì mú ife mìíràn wá.

Obìnrin náà wo ife náà títí ọkọ rẹ̀ fi mu omi inú rẹ̀ tán.

"Nígbà tí dígí di eérú," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga, "ẹ ò ya ife sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ jẹjẹrẹ, ẹ ò yà á. Orúkọ ènìyàn lẹ wá torí rẹ̀ yà á."

Láṣebìkan ní ọ̀fun ló ń yún òun. Ó jáde lọ nu dígí ẹnu ọ̀nà wọn. Ó nù ún títí ìlà fi yọ lára rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ọ̀jẹ́lárí ti dé Ilé Ẹnu ṣáájú wọn. Kò ga. Kò pupa. Ọkùnrin oníkùn díẹ̀ ni, tó wọ bùbá àti ṣòkòtò aláró, erùpẹ̀ oko wà létí èékánná rẹ̀. Wọ́n fi ìbòmú funfun bò ó lẹ́nu láti Òkè-Àparò, wọ́n sì fi èdìdì Ilé Ẹnu lẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fún un ní omi tàbí orógbó lójú ọ̀nà. Ara Láṣebìkan balẹ̀ nígbà tó rí ikùn rẹ̀. Ó káàánú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dárí jì í. Àfi ìgbà tí Ìyá Akẹnu ṣí ìbòmú kúrò, tí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fi kí wọn.

Eyín yẹn! Funfun, ó pé, èjí sì wà láàárín rẹ̀. Àwọn ará Òkè-Àparò ló kọ Gbálẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé gbà á. Wọ́n ní àwọn kò lè fi omi aláwọ̀ aró yọ ẹnu tí àwọn fi ń jẹ iṣu. Ìjọba dínà mọ́ wọn fún ọdún mẹ́jọ. Lónìí, ìjọba ló tún wá ń bẹ̀ wọ́n ní itọ́.

Ọ̀jẹ́lárí fọwọ́ sáyà, ó tẹríba fún Láṣebìkan bí ẹni ń kí àna. Ìbíwùmí kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Ọ̀jẹ́lárí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn, òfin kò gbà. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ títí omidùn yóò fi wọ ẹnu, ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀rọ̀ ń ba itọ́ jẹ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu Láṣebìkan nìkan ló wà lómìnira, nítorí pé kò tíì mí sí ìwé, òfin náà kò sì mú alájọmu tí kò ṣàìsàn.

Ó sì lò ó. "Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ́lárí, ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú ìrìn. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bi yín."

"Láṣebìkan!" Ìyá Akẹnu gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹnu rẹ fi wà lára rẹ. Àárọ̀ yìí tí ẹnu gbogbo èèyàn wà ní títì lo wá rí ọ̀rọ̀ bi?"

"Kó fi orí dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí lásán tó o."

"Owú lò ń jẹ."

"Owú kọ́ ni mò ń jẹ, Ìyá!"

"Ẹ̀wà ni? Mí sí ìwé, jọ̀ọ́."

Kò mí. Ó sún mọ́ ọkùnrin náà débi pé ó ń gbóòórùn ewé oko lára rẹ̀. "Ìwé yín ní ẹnu yín kò. Mo fẹ́ mọ bó ṣe kò. Ṣé ẹ ti fi ẹnu ko ìyàwó mi lẹ́nu rí?"

Ọ̀jẹ́lárí kò mi orí, kò sì gbọn orí. Ó yí ojú sí Ìbíwùmí, ó wò ó jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ní: ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ ló yẹ kó sọ ọ́.

"Ẹ wò ó!" Láṣebìkan ké. "Ìyá, ẹ wo bó ṣe ń wò ó! Lójú mi! Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń wo obìnrin yìí, kò sígbà kan tí mo wò ó báyẹn tó lóye ohun tí mò ń sọ!"

Ìwúkọ́ gbé Ìbíwùmí. Ó fi ìborùn dí ẹnu, ó wú u mọ́nú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó mú ìborùn kúrò, pupa wà lára rẹ̀, kò ju àmì ìka lọ. Kò wo ìborùn náà rárá. Ó wá síwájú ọkọ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè. Ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ìyá Akẹnu ló kọ́kọ́ lóye. "Ìbíwùmí! Má ṣe é! Bó o bá fọhùn, ó di ẹ̀yìn òjò! Ọmọ mi, má dá a lóhùn!"

Obìnrin náà kò wo ẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ ìdáhùn, yóò fún un, kó sì di ohun tí yóò dà. Láṣebìkan rí i lójú rẹ̀ pé kò sí ìbínú níbẹ̀ mọ́, àárẹ̀ ni. Ohun tó ti ń wá fún ọjọ́ mẹ́ta wà ní ìtòsí ahọ́n ìyàwó rẹ̀, ó kù kó gbọ́ ọ.

Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ náà ti gbéra. Ó gbá a lọ́wọ́, gbígbóná, láìní ohùn. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ètè ṣe pàdé fún "bẹ́ẹ̀" tí wọ́n sì tún là. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀kùn kan náà làwọn méjèèjì ń gbà jáde. Èyí tó tẹ̀ lé e kú sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Má sọ ọ́," ló wí. "Ìbí, má sọ ọ́ mọ́. Ìyá, ẹ gbé ìwé yín wá."

Ó mí sí i. Ìwé náà di aró láti òpin dé òpin: ó ti fọwọ́ sí i.

Ìyá Akẹnu kò fi àkókò ṣòfò. Ó yẹ ẹnu Ìbíwùmí wò, ó ní èémí lásán ló jáde, itọ́ kò bàjẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ kékeré ha abẹ́ èrìgì Ọ̀jẹ́lárí, ó pò ó mọ́ omi nínú ìgò tín-ín-rín, ẹ̀rọ sì mì í títí tó fi hó. Ó kán ìlàjì rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n Ìbíwùmí. Obìnrin náà di ojú, ìrònú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Owú tún gbé orí sókè nínú Láṣebìkan: kí ló rí níbẹ̀ tó fi di ojú?

"La ẹnu," ni Ìyá Akẹnu wí. "Bó bá ti wọlé, o ò gbọdọ̀ ya ẹnu mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. O ti sọ tìrẹ tán lónìí."

Láṣebìkan ya ẹnu. Ìyá Akẹnu kán ìyókù sí i.

Ó kọ́kọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló dùn díẹ̀, lábẹ́ kíkan ọ̀hún, ó sì ní òórùn bí ewé tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Láṣebìkan dúró gbagidi. Ó mọ̀ ọ́n.

Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ra ni. Òfin Gbálẹ̀ kò tíì jáde nígbà náà, Ìbíwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, Láṣebìkan a sì máa fi dígí onídígí sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, a sá wálé, torí kí ó kàn lè fi ẹnu ko ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu kí ó tún padà síbi iṣẹ́. Adùn yìí ló ń sá wálé wá tọ́. Nígbà tí Gbálẹ̀ dé, adùn náà lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì mọ̀ pé ó lọ. Ó rò pé ọjọ́ orí ni. Ogún ọdún ni kò ti rántí pé ohun kan sọnù lọ́wọ́ òun. Òun ló sì padà wá báyìí, láti abẹ́ èrìgì ọkùnrin oníkùn kan.

Ti ta ni, nígbà náà? Ṣé ti Ìbíwùmí ni, tí ọkùnrin yìí ti ń bá a tọ́jú lórí òkè láti ìgbà náà? Àbí tirẹ̀ ni, tí Ìbíwùmí gbé wọ ilé ọkọ? Adùn tí òun rò pé tòun ni, ta ló kọ́kọ́ ni ín?

Ọ̀jẹ́lárí ti mu omi. Ó yọ ẹnu, ó tu ú sí àwo, ó sì tún ọ̀fun ṣe bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì lọ́wọ̀.

"Ẹ kú ewu o, àna wa. Ẹ ní ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ bi mí. N kò lè dáhùn nígbà náà. Mo ti lè dáhùn báyìí."

Láṣebìkan wò ó. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ti la ojú, tó sì ń wo òun, ẹnu rẹ̀ ní pípa mọ́. Owú náà kò lọ. Ó wà níbẹ̀, ó ta, ó gbóná, ó jókòó sórí ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú omidùn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè tu ọ̀kan kí èkejì ṣẹ́ kù. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì pa ètè ara rẹ̀ dé pinpin, kí ẹ̀kán kankan má bàa jò sílẹ̀.